Ẹni tí ó ké àti ẹni tí ó gbọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òwe yìí gbajúmọ̀ láàrin wa débi pé a kì í tún yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Bí ebi bá ń pa ọmọ tí kò sọ, òwe yìí ni a ó pa fún un; bí wọ́n bá rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ tí kò fi ẹjọ́ sùn, òun náà ni a ó pa. Irọ́ kọ́ ni òwe náà pa. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Ó sọ ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó wà nínú ìṣòro ṣe, kò sì sọ ohunkóhun nípa ẹni tí yóò gbọ́ igbe rẹ̀. Ǹjẹ́ tara ẹni tí ó ké kì í bá a dákẹ́ nígbà mìíràn? Èmi kò ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àgbàlagbà ọdẹ kan ní Ìmọ̀tà ni ó gbé e kò mí lójú, nítorí ẹ̀rọ kékeré kan tí mo mú lọ fún un.

Ọmọ bàbá náà tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó fi ẹ̀rọ náà rán mi. Ọwọ́ kan lè gbá a mú. Àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti ọsàn tí ó pọ́n, ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ká mọ́ ọn lára, ó sì ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n fi ìdérí bò kí ènìyàn má baà ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ń gun òkè oníyìnyín, àwọn tí ń fi ọkọ̀ kékeré la òkun kọjá, àti àwọn tí ń rìn nínú aṣálẹ̀ níbi tí fóònù kò ti lè ṣiṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń mú irú rẹ̀ dání. Àwọn Òyìnbó ní orúkọ gígùn fún un. Èmi yóò máa pè é ní akégbàjarè nínú àròkọ yìí, nítorí igbe gbàjarè nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu pé ará Ìpínlẹ̀ Èkó nílò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá dárúkọ Èkó, ohun tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni èrò, ọkọ̀ àti ariwo. Ìmọ̀tà pàápàá kì í ṣe ìlú tí ó fara sin. Ó wà láàrin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ó ní ọba rẹ̀, Ranodu. Láti ọdún 2003 ni ó ti ní ìjọba ìdàgbàsókè agbègbè tirẹ̀. Yunifásítì Caleb wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni ilé ìlọrẹsì ńlá tí wọ́n ṣí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 wà, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa lo tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá yà kúrò lójú títì tí ó sì wọ inú irà àti igbó ògùrọ̀ yóò rí i pé nǹkan yí padà kíákíá. Igi á dí ojú ọ̀run. Fóònù á máa wá ohun tí yóò dì mọ́, kò sì ní rí i. Ní ibi kan tí ó rí báyìí ni bàbá náà ti ṣubú sínú kòtò lóru ọjọ́ kan, tí kókósẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Kò lè dìde, ohùn rẹ̀ sì há nígbà tí ó ké títí. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí oòrùn ti là dáadáa, ni wọ́n tó rí i. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́ títí ó fi ra akégbàjarè.

Mo jókòó ti bàbá, mo ṣe àlàyé ẹ̀rọ náà fún un bí mo ti lè ṣe é tó. Bí ẹni tí ó wà nínú ewu bá ti na irin rẹ̀ sókè tí ó sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìró rédíò ránṣẹ́ sí ojú ọ̀run ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 50 síra wọn, lórí ìgbì 406 MHz, èyí tí gbogbo ayé fi ìmọ̀ ṣọ̀kan láti yà sọ́tọ̀ fún igbe ìrànlọ́wọ́. Bátìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán. Sátẹ́láìtì yóò gba ìró náà, yóò sì dá a padà sí ibùdó tí ó wà lórí ilẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá mọ ibi tí ó wà, yóò sọ ọ́. Bí kò bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, àwọn onímọ̀ lè ṣírò rẹ̀ láti inú bí ìró náà ṣe ń yí padà. Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́bàá títì Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ rí yóò ti ṣàkíyèsí pé ohùn ọkọ̀ tí ó ń sáré bọ̀ máa ń ga, bí ọkọ̀ náà bá sì ti kọjá, ohùn náà á lọ sílẹ̀. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ni sátẹ́láìtì tí ó ń sáré kọjá lókè máa ń gbọ́, òun sì ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹni tí ń ké wà.

Nínú ìró náà ni nọ́ńbà kan wà tí kò ní ìkejì ní gbogbo ayé. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ènìyàn rẹ̀, kí àwọn agbanilà lè pè wọ́n bí igbe bá dé. Nítorí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ra ti bàbá yìí, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní Falmouth, lẹ́bàá òkun. Nílẹ̀ tiwa, àjọ NEMA, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1999 láti máa bójú tó ìjàǹbá, ni ó ní ibùdó tí ń gba irú igbe bẹ́ẹ̀ ní Abuja.

Nígbà tí mo parí àlàyé mi, bàbá yí ẹ̀rọ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ní, "Ọmọ mi, mo ti gbọ́ bí ó ṣe ń ké. Ta ni ó ń ké sí?"

Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ: sátẹ́láìtì, Abuja, Falmouth, ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn ni pé bí mo bá ṣubú sí ẹ̀yìn odò wa níhìn-ín, Ìlú Òyìnbó á ti gbọ́ kí ìyá àwọn ọmọ mi tó gbọ́."

Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Bàbá kò pẹ̀gàn ẹ̀rọ náà o. Ẹni tí ó sun inú kòtò mọ́jú kì í pẹ̀gàn ohun tí ó lè gba ni là. Ohun tí ó ń bèèrè ni májẹ̀mú tí ó wà lẹ́yìn igbe náà. Mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn náà wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwa fúnra wa ti ń lò kí akégbàjarè tó dé. Bí ènìyàn méjì bá ń lọ sí oko tí ọ̀kan ṣíwájú, ẹni tí ó ṣíwájú a já ewé sílẹ̀ ní oríta kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ọ̀nà tí òun gbà. Ẹni tí ó wà ní oko a máa hó, ẹni tí ó wà ní oko kejì a sì hó padà. Ọdẹ a máa fi ìró ìbọn tàbí fèrè sọ ibi tí òun wà fún ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀nà bá sì jìn, a ní àrokò. Ẹni tí ó so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ kí ọ̀rẹ́ náà ka ẹẹ́fà, kí ó sì mọ̀ pé ọkàn òun ń fà sí i. Owó ẹyọ kò lè fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí àrokò náà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó lásán ni yóò rí. Bákan náà ni ewé tí a já sí oríta: ewé lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣíwájú òun. Gbogbo àmì tí a ti lò láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ẹni méjì ni ó ń gbé e ró, ẹni tí ó fi í lélẹ̀ àti ẹni tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé òun yóò kà á.

Bí a bá wo ìtàn akégbàjarè, ohun kan náà ni a ó rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan tí ó gbé méjì nínú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, Hale Boggs àti Nick Begich, sọnù ní Alaska. Wọ́n wá a fún ọjọ́ 39. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò rí i. Bí ìjọba alágbára bẹ́ẹ̀ kò bá lè rí àwọn aṣòfin tirẹ̀, kí ni mẹ̀kúnnù yóò rò? Àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ẹ̀rọ tí ń ké nígbà náà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọkọ̀ tí ó ń kọjá nítòsí, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ìgbà tí Kánádà, Faransé, Amẹ́ríkà àti ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì fọwọ́ sí àdéhùn ní ọdún 1979 ni ọ̀nà là. Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ fi sátẹ́láìtì tí yóò máa gbọ́ igbe náà ránṣẹ́ sójú ọ̀run, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1982. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan já sí àárín òkè àti igbó ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, pẹ̀lú ènìyàn mẹ́ta. Ohun tí àwọn pàápàá ń ṣe lójú ọ̀run kí wọ́n tó já ni pé wọ́n ń wá ọkọ̀ mìíràn tí ó ti sọnù. Sátẹ́láìtì àwọn ará Rọ́ṣíà gbọ́ igbe ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà là.

Ẹ rántí bí ayé ṣe rí nígbà náà. Amẹ́ríkà àti ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì dojú ohun ìjà olóró kọ ara wọn. Bí wọ́n ti ń ṣe amí ara wọn láti ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n jùmọ̀ gbé etí kan ró sójú ọ̀run fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ké. Wọn kò di ọ̀rẹ́ nítorí rẹ̀. Wọ́n kàn gbà pé ohun kan wà tí ìjà kò gbọdọ̀ dé. Bí mo bá ro èyí, ìtìjú díẹ̀ a máa mú mi, nítorí pé àwa tí kò bá ara wa jà, àwa tí a jọ ń jẹ nínú ọjà kan, kì í fìgbà gbogbo rí ẹni tí yóò jẹ́ ìpè wa.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ọkọ̀ òfurufú kan gbéra láti Èkó lọ sí Abuja pẹ̀lú ènìyàn 117. Kò pẹ́ tí ó gbéra ni wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ mọ́, gbogbo orílẹ̀-èdè ń bèèrè ibi tí ó wà. Ìkéde kọ́kọ́ jáde pé agbègbè Kíṣí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó já sí. Wọ́n tilẹ̀ ní àwọn kan yè. Ẹbí tí ọkàn wọn ti pòrúurùu tún bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrètí. Lẹ́yìn náà ni òótọ́ fojú hàn: abúlé Lísà, nítòsí Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ọkọ̀ náà já sí, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tí ó yè. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ wa mọ bí Lísà ti súnmọ́ Èkó tó àti bí Kíṣí ti jìnnà tó. Ohun ńlá bẹ́ẹ̀ kò lè já sí ẹ̀gbẹ́ abúlé kí àwọn tí ń gbé ibẹ̀ má mọ̀. Ìmọ̀ wà ní Lísà, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ sì ń tẹ́tí sí ibòmíràn. Èmi kò sọ pé ẹnì kan ìbá yè bí wọ́n bá tètè rí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìrètí èké tí a fún àwọn ẹbí yẹn lórí Kíṣí jẹ́ ìyà kejì, ó sì wá láti inú pé kò sí ọ̀nà kan gbòógì láàrin ẹni tí ó mọ̀ àti ẹni tí ń wá.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2008, ọkọ̀ òfurufú kékeré mìíràn kúrò ní Èkó lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú Bebi tí ó wà ní ọ̀nà Obudu, ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà mẹ́ta nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Kò dé ibi tí ó ń lọ. Wọ́n wá a títí, ó di oṣù kejì, ó di oṣù kẹta, kò sí igbe kankan tí ó mú wọn dé ibẹ̀. Ìparí oṣù kẹjọ ni àfọ́kù rẹ̀ tó di rírí nínú igbó, àwọn ọdẹ ni wọ́n sì rí i. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún bàbá ní Ìmọ̀tà, ó mi orí, ó ní kò ya òun lẹ́nu. Ó ní igbó kò fi nǹkan pamọ́ fún ẹni tí ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo bi ara mi léèrè pé, nínú gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ta ni ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ?

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà ní apá kejì, n kò sì fẹ́ fi í pamọ́. Ẹnì kan lè sọ pé kò yẹ kí a fi dandan mú ènìyàn láti jẹ́ gbogbo ìpè. Ẹni tí ó fẹ́ gun òkè fún ìgbádùn, tí ó mọ̀ pé òkè náà ń pa ènìyàn, ṣé ó ní ẹ̀tọ́ láti tẹ bọ́tìnnì kí ọmọ ẹlòmíràn wá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu? Àwọn agbanilà ń kú. Iná ń pa panápaná, omi ń gbé òmùwẹ̀ tí ó bẹ́ wọ odò láti yọ ẹlòmíràn. Àwọn kan tilẹ̀ ní ẹ̀rọ yìí ń mú kí ènìyàn di aláṣejù: nítorí pé ó mọ̀ pé òun lè ké, kò ní padà nígbà tí ó yẹ kí ó padà. Bàbá yìí pàápàá kì í ṣe ọ̀dọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi igbó sílẹ̀, kò gbọ́.

Ohun tí mo rí sí i ni pé àkókò tí a ń dá ènìyàn lẹ́bi yàtọ̀ sí àkókò tí a ń gbà á là. Bí ọmọ tí a ti kìlọ̀ fún bá jìn sínú kànga, a kì í dúró létí kànga ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. A ó kọ́kọ́ yọ ọ́. Bí ó bá gbẹ tán, a ó wá bá a wí. Bí a bá yí ètò yìí padà, ẹnikẹ́ni kò ní yẹ fún ìgbàlà mọ́, nítorí pé bí a bá wádìí gbogbo ewu dé gbòǹgbò, a ó rí àṣìṣe ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ó gbà là náà ní gbèsè lọ́rùn. Ó gbọ́dọ̀ mú gbogbo ohun tí ó lè mú kí ó má baà nílò ìrànlọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ fi igbe gbàjarè ṣeré. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú igbe tí irú ẹ̀rọ yìí ń ké káàkiri ayé ni kì í ṣe òótọ́: ẹnì kan ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, tàbí ó ju ti àtijọ́ nù láì yọ bátìrì rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ pe fóònù àwọn ẹbí kí wọ́n tó rán ẹnikẹ́ni jáde. Igbe tí kì í ṣe òótọ́ ń jẹ nínú etí tí yóò gbọ́ ti òótọ́.

Ẹni tí ó gbọ́ náà gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń jẹ́ ìpè. Àwa ará agbègbè Ìkòròdú kò lè gbàgbé ọdún 2016 àti 2017, nígbà tí àwọn apànìyàn tí a mọ̀ sí Badoo ń wọlé tọ àwọn ènìyàn lóru. Ẹ̀rù sọ gbogbo wa di etí. Bí ẹnì kan bá ké, gbogbo àdúgbò a tú jáde. Ohun rere ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2017 kan náà, àwọn èrò tí wọ́n tú jáde bẹ́ẹ̀ pa àwọn tí kò mọ ọwọ́ mẹsẹ̀, nítorí pé ẹnì kan nawọ́ sí wọn. Wọ́n jẹ́ ìpè, wọn kò wádìí. Bí ìgbàlà bá máa wà, àfi kí etí wà, kí ọgbọ́n wà, kí a sì ti mọ ẹni tí yóò ṣe kí ni kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ bàbá. Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ máa lọ, ó sọ ohun kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe rí i nínú kòtò ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní ìyàwó òun ni. Ó ní bí òun bá ti ń lọ sí igbó, òun a máa sọ ọ̀nà tí òun ń gbà fún un, àwọn méjèèjì a sì ní "ó dàbọ̀". Ìyá náà mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gbọ́ ẹsẹ̀ òun lójúde. Nígbà tí ìgbà náà kọjá tí kò gbọ́ nǹkan, kò dúró de igbe. Ó lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, aládùúgbò sì kó àwọn ọmọkùnrin jọ wọ igbó.

Nígbà náà ni mo wá rí i pé a ti ń sọ "ó dàbọ̀" fún ara wa láìronú sí i. Àdéhùn ni. Ẹni tí ń lọ sọ pé òun ń padà bọ̀, ẹni tí ó kù nílé sì gbà láti máa retí rẹ̀. Akégbàjarè kò wúlò fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kán tàbí tí ó ti dákú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń retí nílé, ìdákẹ́ rẹ̀ pàápàá ń ké. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a ju ẹ̀rọ nù. Ìyá náà kò lè gbọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí òkun, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò kò sì lè dé àárín òkè Kánádà. Ẹ̀rọ náà mú kí igbe jìnnà ju ibi tí ohùn ènìyàn lè dé. Kò lè fún ẹnikẹ́ni ní ẹni tí yóò máa retí rẹ̀.

Bàbá gba ẹ̀rọ náà. Ó kàn ní kí a pe ọmọ òun lórí fóònù, ó sì ní kí ó fi nọ́ńbà ìyá rẹ̀ àti ti aládùúgbò náà kún orúkọ tí ó fi sílẹ̀ ní Falmouth. Ọmọ náà kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tí ó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó ṣe é. Báyìí ni ó fi ṣeé ṣe pé bí igbe kan bá jáde láti inú igbó Ìmọ̀tà lóru, òṣìṣẹ́ kan lẹ́bàá òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò pe fóònù aládùúgbò kan tí ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ilé bàbá náà.

Ènìyàn ni aṣọ mi, ni àwọn baba wa wí. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan tí a ti ń ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti jáde ní òwúrọ̀ yìí, sí oko, sí ọ̀sà, sí ọ̀nà jíjìn. Kí òǹkàwé bi ara rẹ̀ léèrè bí òun bá mọ ọ̀nà tí onítọ̀hún gbà, bí òun bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dé, àti ilẹ̀kùn tí òun yóò kọ́kọ́ lọ kàn bí ìgbà náà bá kọjá.